Lákíṣì kì í ṣe ibi tí à ń sáré kọjá

Ìwé ètò mìíràn tún ti ń lọ káàkiri lórí WhatsApp: ìrìn àjò ẹ̀kọ́ sí ilẹ̀ Ísírẹ́lì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, ọjọ́ 7, ibi 24. Kánà wà níbẹ̀, kí àwọn tọkọtaya lè tún ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó jẹ́. Odò Jọ́dánì wà níbẹ̀, tòun ti ìgò tí wọ́n á fi bu omi. Ilé ìtajà òróró wà níbẹ̀. Mẹ́gídò gba ìṣẹ́jú 40, fọ́tò àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Lákíṣì, ìlú olódi Júdà àtijọ́ tí Bíbélì sọ̀rọ̀ rẹ̀, ò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ pè é ní ìrìn àjò mímọ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ẹni tó bá ń wá JP (Jerusalem Pilgrim) tó máa fi kún orúkọ rẹ̀, kó lọ gba JP rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ẹ̀kọ́" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn yẹn ló ń bí mi nínú. Ibi 24 ní ọjọ́ 7, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń lọ wò.

Ká ní èmi ni mo ń ṣètò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni màá mú: ọdún 701 kí wọ́n tó bí Jésù, nígbà tí Senakéríbù ọba Asíríà gòkè wá bá Júdà jà, tó sì gba Lákíṣì. Àwọn Ọba Kejì orí 18 àti 19. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ti kà á tán kó tó di ẹrù, nítorí ẹni tó bá ń ṣí Bíbélì nínú oòrùn Lákíṣì ti pẹ́ jù.

Lọ́ńdọ̀nù ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ British Museum. Àwọn òkúta tí Senakéríbù ní kí wọ́n gbẹ́ ogun Lákíṣì sí, tí wọ́n hú nínú ààfin rẹ̀ ní Nínéfè, wà níbẹ̀. Ẹ má kàn ya fọ́tò kẹ́ ẹ kọjá. Ẹ wá ọmọ ogun tó ń fi ìgbákọ onígi gígùn da omi sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ odi, nítorí iná ni àwọn ará ìlú ń jù lé e láti òkè. Ẹ wo àwọn tó ń ru ẹrù jáde nínú ìlú. Ẹ wo ojú ọba fúnra rẹ̀ lórí ìtẹ́: ẹnìkan ti gé e bàjẹ́ láyé àtijọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá amọ̀ sísun onígun mẹ́fà tí ọba náà kọ ìròyìn rẹ̀ sí. Ìlú olódi 46 ló ní òun gbà, ó sì ní òun sé Hesekáyà ọba Júdà mọ́ Jerúsálẹ́mù bí ẹyẹ inú àgò. Kò sọ pé òun wọ Jerúsálẹ́mù. Bíbélì ní Hesekáyà san 300 tálẹ́ńtì fàdákà àti 30 tálẹ́ńtì wúrà. Amọ̀ yẹn ní 30 wúrà, ṣùgbọ́n ó ní 800 fàdákà. Wúrà bára mu, fàdákà ò bára mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ọjọ́ kan gbáko jókòó ti ìyẹn ti kẹ́kọ̀ọ́ ju ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́wàá lọ.

Lákíṣì wá kàn. Kí bọ́ọ̀sì débẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, nítorí ibòji ò sí, omi lítà 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má tẹnu ibodè wọlé. Kí wọ́n kọ́kọ́ yí lọ sí igun gúúsù ìwọ̀ oòrùn, kí wọ́n dúró nísàlẹ̀, kí wọ́n gbójú sókè: òkìtì òkúta tí àwọn ará Asíríà kó jọ kí wọ́n lè ti ẹ̀rọ wọn dé ẹnu odi ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú náà kó òkìtì tiwọn jọ sínú odi láti fi dènà. Orí ọfà tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí níbẹ̀ pọ̀ gan-an.

Òkè tí Lákíṣì wà yẹn náà, ọwọ́ èèyàn ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àlàpà kò nílò àlàyé púpọ̀: ilé alámọ̀ wó, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n kọ́ òmíràn lé e, ẹgbẹ̀rún ọdún kọjá, òkè dé. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní àpáàdì tirẹ̀. Starkey, awalẹ̀pìtàn tó wa ibẹ̀ láti 1932, gbà pé ìpele kẹta tó jóná jẹ́ iṣẹ́ Bábílónì ní 597 kí wọ́n tó bí Jésù. Olga Tufnell tó bá a ṣiṣẹ́ ní rárá, àwọn ìkòkò ìpele kẹta àti ti ìpele kejì, tí Bábílónì sun ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn 597, yàtọ̀ síra jù fún ọdún mẹ́wàá péré, Senakéríbù ló sun ún. David Ussishkin tún ilẹ̀ náà wà láti 1973, ọ̀rọ̀ obìnrin náà ló já sí òótọ́.

Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣa àpáàdì sápò. Òfin 1978 ti Ísírẹ́lì kò fàyè gbà á. Yàtọ̀ sí òfin, àpáàdì tó ti kúrò ní ìpele rẹ̀ ti yadi.

Ihò Hesekáyà, ihò omi abẹ́ ilẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, ló kẹ́yìn, mítà 533 láti ìsun Gíhónì dé Sílóámù. Àwọn tó gbẹ́ ẹ gbá òkúta bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n sì pàdé láàárín. Omi lè dé itan níbẹ̀rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣòkòtò kúkúrú, bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, nítorí sílípáàsì á bọ́ sómi. Ẹnì kan ṣoṣo ló gba ibẹ̀, nítorí náà bí ẹ̀rù bá ba ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹni ogójì ò lè padà. Kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó wọlé, ọ̀nà gbígbẹ wà fún ẹni tí ibi tóóró ń dẹ́rù bà. Bẹ́ ẹ bá dé nǹkan bí ìdajì, ẹ fọwọ́ pa ògiri: ojú ibi tí irin ti gbá òkúta yóò yí padà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Àkọlé tí wọ́n rí nínú ihò náà, tó sọ ìtàn bí wọ́n ṣe pàdé, wà ní Istanbul, kò sì dárúkọ Hesekáyà.

Wọ́n á ní ẹ̀ẹ̀kan láyé ni ọ̀pọ̀ máa lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n lè rí. Mo ti fẹ́ fèsì sí èyí títí. Ẹni tó tọ́jú owó ọdún mẹ́ta, tí ìyá rẹ̀ ń retí omi Jọ́dánì, ṣé èmi ni màá ní kó fi ibojì Jésù sílẹ̀ lọ dúró ti òkúta nínú oòrùn? Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú. Ó dáa, ká tiẹ̀ yọ ilé ìtajà òróró nìkan. Wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n kọ fún un nínú ìwé ètò yẹn.