Àtúnṣe: commit nìkan kò tó bí iná bá lọ lójijì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹni tó bá ti ṣe commit (ìyẹn ni pé ó fi àyípadà iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́) nínú Git, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà inú fáìlì, ti bọ́, pé bí wọ́n tiẹ̀ mú iná lọ lójú ẹsẹ̀, kò séwu. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Git bá sọ pé òun ti parí, ohun tó kọ lè ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì, kó má tíì dé orí díìsìkì. Bí iná bá lọ nígbà náà, ẹ lè bá fáìlì òfìfo nínú .git, àpò fáìlì tí Git ń kó ìtàn iṣẹ́ pamọ́ sí. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Pansẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta níbí, lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ló lọ.

Láti ẹ̀yà 2.36, ní 2022, ni Git ti ní ètò core.fsync, tó ń sọ ohun tí Git gbọ́dọ̀ dúró dè títí yóò fi dé orí díìsìkì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kì í sábà dúró kí commit tuntun dé díìsìkì. Ẹ tẹ èyí:

git config --global core.fsync all

Ó máa ń fà díẹ̀, àmọ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì máa push (ìyẹn, kí ẹ fi ẹ̀dà commit yín ránṣẹ́) sí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ẹ tún ní ká pa .git rẹ́ bó bá bàjẹ́. Rárá o! Gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà ló máa bá a lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ tó fi git fsck, àṣẹ tó ń wá ohun tó bàjẹ́, yẹ̀ ẹ́ wò.