Kì í ṣe owó wákàtí kan ló yẹ kí ẹ fi yan ilé ẹ̀kọ́ bàálù

Ní Houston níbí, bí ọmọ Yorùbá bá ti gbọ́ pé mò ń wa bàálù kékeré, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Èló ni wọ́n ń gbà ní wákàtí kan?" Lẹ́yìn èyí ni yóò tó béèrè bóyá ẹ̀rù kì í bà mí. Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ owó fi ń ṣíwájú, torí owó ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó yẹ kéèyàn wò kó tó yan ibi tó ti máa gba láísẹ́ǹsì awakọ̀ bàálù aládàáni, ìyẹn èyí tó gbà yín láàyè láti gbé ẹbí àti ọ̀rẹ́ fò láì fi ṣòwò, èmi ò tíì rí èyí tó ń tan ènìyàn jẹ tó iye owó wákàtí kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. FAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ní kí ẹni tó ń kọ́ lábẹ́ òfin Part 61, èyí tí kò de olùkọ́ mọ́ ètò ẹ̀kọ́ kan pàtó, fò fún wákàtí 40, ó kéré tán. Ẹni tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ Part 141, tí FAA ti fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, lè fi 35 parí. Nínú 40 yẹn, 20 gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú olùkọ́, 10 sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀yin nìkan nínú bàálù. Iye yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ń bá yín ṣírò nígbà tí wọ́n bá ń sọ iye tí ẹ máa ná. Àmọ́ àwọn tó ń fi 40 parí kò pọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ló ń kọjá 60 kí wọ́n tó dé iwájú olùdánwò. Ká wá ní ilé ẹ̀kọ́ kan ń gba 170 dọ́là ní wákàtí kan, tí èkejì ń gba 200. Bí ti àkọ́kọ́ bá fà yín dé wákàtí 75, 12,750 dọ́là ti lọ. Bí ti èkejì bá jẹ́ kí ẹ parí ní 55, 11,000 ni. Ẹni tó sá fún ọgbọ̀n dọ́là ló san owó tó pọ̀ jù.

Kí ló ń sọ 55 di 75? Àlàfo ni, ọjọ́ tí ẹ ò fò. Bí ọmọ tó ń kọ́ dùndún ló rí: jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ má kan ìlù fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o wá gbọ́ ohun tí yóò máa lù. Bíbalẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sá lọ. Àsìkò tó yẹ kéèyàn rọra gbé imú bàálù sókè kí táyà tó kan ránwé, ìyẹn ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí, ojú àti ìdí ló ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìwé. Ẹni tó ń fò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ẹni tó ń fò lẹ́ẹ̀kan lóṣù ń fi ìdajì owó rẹ̀ rántí ohun tó ti sanwó fún tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tèmi ni: ṣé ilé ẹ̀kọ́ yìí lè jẹ́ kí n máa fò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ kan náà, títí n ó fi parí? Gbogbo ohun yòókù, abẹ́ èyí ló wà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí bàálù. Mélòó ni wọ́n ní, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló sì ń pín in lò? Òfin ni pé bàálù tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ni gbowó gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ mẹkáníìkì fún àyẹ̀wò ní gbogbo wákàtí 100 tó bá fò, yàtọ̀ sí àyẹ̀wò ọdọọdún. Bàálù tí kì í sinmi lè jẹ wákàtí 100 tán láàárín oṣù kan sí méjì. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní méjì péré, tí ọ̀kan wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, tí èkejì wá ń dúró de ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bèèrè fún, kò sẹ́ni tó máa fò. Ibi tí mẹkáníìkì tiwọn bá wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú bàálù, tí ẹ rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo, mo máa ń fẹ́ràn ibẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń gbé bàálù lọ sí pápá bàálù mìíràn kí wọ́n tó lè tún un ṣe.

Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí ìwé àkọsílẹ̀ àtúnṣe bàálù náà. Ibì kan wà tí mo dé nígbà tí mò ń wá kiri, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tí ọmọkùnrin tó wà níwájú dá mi lóhùn pé ẹnikẹ́ni ò béèrè irú ìyẹn rí. Ó rò pé èsì tó dáa lòun fún mi.

Olùkọ́ ló tún le jù. Ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ tí ẹ máa bá níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́, wọn ò sì wá torí yín. Wákàtí ni wọ́n ń kó jọ. Ìtàn rẹ̀ lọ jìnnà díẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2009, bàálù Colgan Air 3407 já lulẹ̀ nítòsí Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York, ènìyàn 50 sì kú. Àwọn ẹbí àwọn olóògbé kò dákẹ́ títí ìjọba fi ṣe òfin ní 2010, tó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 2013, pé kí ẹni tó máa jókòó sí ipò igbákejì awakọ̀ nínú bàálù elérò ti fò tó wákàtí 1,500, àfi àwọn díẹ̀ bí àwọn tó ti ilé iṣẹ́ ológun tàbí yunifásítì wá. Níbo ni ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ti máa rí 1,500? Ní ẹ̀gbẹ́ yín, bí ẹ ṣe ń kọ́ bíbalẹ̀. Ọjọ́ tó bá pé, tí ilé iṣẹ́ bàálù pè é, ó ti lọ nìyẹn, bí ẹ bá fẹ́, kí ìdánwò yín ku ọ̀sẹ̀ méjì. Olùkọ́ tuntun á ní kí ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ń ṣe é, ẹ óò sì sanwó wíwò náà. Mi ò bínú sí wọn, oúnjẹ wọn ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ bi olùkọ́ náà lójúkojú pé: wákàtí mélòó lo ti ní báyìí? Bí ó bá ní 1,300, ẹ rọra dúpẹ́, kí ẹ béèrè ẹlòmíràn. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ni torí pé ó wù ú, ẹ dì í mú, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga.

Ẹ tún béèrè aago tí wọ́n fi ń ka owó, torí oríṣi méjì ló wà. Hobbs máa ń kà láti ìgbà tí ẹ bá ti tan ẹ́ńjìnnì. Tach ń tẹ̀lé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, kì í yára nígbà tí ẹ bá ń rìn nílẹ̀. Owó wákàtí kan lórí Hobbs àti lórí tach lè jẹ́ iye kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa san kì í ṣe ọ̀kan náà o. Kí ẹ sì rí i dájú pé owó epo wà nínú iye tí wọ́n bá pè.

Ibi tí pápá wà náà ń fi kún un. Ní agbègbè Houston, pápá Hooks àti ti Sugar Land ní táwà tí wọ́n ti ń darí bàálù. Pearland àti West Houston kò ní. Níbi tó ní táwà, ẹ lè jókòó lẹ́bàá ránwé kí ẹ máa dúró de ọkọ̀ olówó tó fẹ́ balẹ̀, kí Hobbs máa kà. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí, ibi tó ní táwà ni mo máa ní kí àwọn èèyàn wa lọ. Mo mọ ọ̀pọ̀ tí kò bẹ̀rù òkè rárá, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà ọ̀fun wọn ń gbẹ bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò nítorí ohùn Ìbàdàn tàbí ti Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́nu wọn. Kò sí ẹni tó bìkítà fún ìyẹn nínú táwà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ wà àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ní kúkúrú. Bí ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù náà á tètè kúrò.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í fẹ́ sọ, bóyá ìtìjú ló ń ṣe wọ́n: ara yín. Cessna 152 ni ibi púpọ̀ fi ń kọ́ni torí pé kò wọ́n. Gbogbo ẹrù rẹ̀, bàálù fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, kò gbọ́dọ̀ kọjá páùn 1,670. Bàálù òfìfo lè ti gbà tó 1,150. Epo tó kún táńkì rẹ̀, gálọ́ọ̀nù 26 ní páùn mẹ́fà mẹ́fà, jẹ́ 156. Ó ku 364 fún ẹ̀yin àti olùkọ́, pẹ̀lú báàgì yín. Ọkùnrin méjì tó jẹ́ páùn 200 ẹnì kọ̀ọ̀kan ti kọjá rẹ̀, kí ẹ tó wá fi ooru Texas kún un, tó ń dín agbára ẹ́ńjìnnì àti apá bàálù kù. Èmi tí mi ò tíì fi iyán sílẹ̀, Cessna 172 tó tóbi jù ú lọ ni mo ń wá. Ó wọ́n jù ú lọ, mo sì san án. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ gbé yín sínú 152 láì béèrè ìwọ̀n yín, ẹ má bá wọn fò.

Ní ti sísan gbogbo owó ṣáájú, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ wọ́ ilẹ̀: ẹ má ṣe é. Wọ́n á sọ pé ẹ óò rí ẹ̀dínwó bí ẹ bá san án lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kejì ọdún 2008, Silver State Helicopters tó wà ní Nevada, tó ní ẹ̀ka káàkiri Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀kùn lójijì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti yá nǹkan bí 70,000 dọ́là san fún wọn ló jókòó ti gbèsè láìsí láísẹ́ǹsì. Ẹ má sì sọ pé ti àtijọ́ nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Tayside Aviation ní Dundee, ní Scotland, ilé ẹ̀kọ́ tí ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀, wó lulẹ̀ pẹ̀lú owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, tí wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀ wákàtí 45 àti ìdánwò mẹ́sàn-án, ẹ fetí sí èyí náà. Ẹ fi owó wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́wàá síbẹ̀, kí ẹ fò ó tán, kí ẹ tún fi òmíràn kún un. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé àfi kí ẹ san gbogbo rẹ̀, owó yín ló fi fẹ́ san gbèsè àná.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wá láti ilé, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Part 61 lásán kò lè fún yín ní ìwé I-20 tí ẹ máa fi gba físà akẹ́kọ̀ọ́ M-1. Part 141 tí ìjọba ti fọwọ́ sí láti gba akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni kí ẹ wá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ lè fi físà àbẹ̀wò wá parí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ sá fún un. Torí wọ́n ti mọ̀ pé Florida ni díẹ̀ nínú àwọn tó já bàálù gbà ní 2001 ti kọ́ iṣẹ́, TSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ yẹ ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà wò kó tó bẹ̀rẹ̀, títí kan ẹni tó ní green card. Tàbí kí ẹ dúró sílé: NCAT, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ òfuurufú, wà ní Zaria láti 1964, International Aviation College sì wà ní Ìlọrin. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ gbé lọ síbẹ̀: bàálù mélòó ló ń fò lónìí?

Ìlera ńkọ́? Kí ẹ tó san owó ńlá kankan, ẹ lọ rí dókítà tí FAA fọwọ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá kọjá 155/95 lè dá yín dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ tó ń lo oògùn rẹ̀ ló ń gba ìwé wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá jẹ́ olóòótọ́ ló máa kọ́kọ́ sọ èyí fún yín.

Àwọn kan máa ń béèrè lọ́wọ́ mi nípa ilé ẹ̀kọ́ tó ń wọ ẹ̀wù funfun fún akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú ìlà wúrà léjìká, tí iwájú awakọ̀ nínú bàálù wọn sì jẹ́ ojú tẹlifíṣọ̀n látòkè délẹ̀. Ó dáa fún fọ́tò. Màmá yín á fi ṣe àwòrán WhatsApp wọn. Bàálù tó ní aago àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú náà ń kọ́ni dáadáa.

Ẹ wá béèrè olùdánwò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Àwọn tí FAA yàn láti ṣe ìdánwò ìkẹyìn kò pọ̀, ẹ sì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó kàn yín, nígbà tí ẹ óò ṣì máa sanwó fò kí ọwọ́ yín má baà tutù. Ta ni wọ́n ń lò? Ìgbà wo ni wọ́n máa ń gba ọjọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́? Bí wọ́n bá ní, "Ẹ má ṣèyọnu, bó bá dé ibẹ̀ a máa mọ̀," ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀, kí ẹ wa mọ́tò yín lọ sí pápá kejì.