Ẹ má fọ́wọ́dù fóìsì nóòtì "ìdajì" yẹn mọ́

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, fóìsì tó ń lọ káàkiri pé obìnrin tó bá ti kó jáde, ìdajì dúkìá ọkọ ti di tiẹ̀, ọkọ á tún máa fún un lówó oṣù títí ayé, irọ́ ni o. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, òfin ìtúká ìgbéyàwó ti 1970 (Matrimonial Causes Act) ni wọ́n ń lò, ẹsẹ̀ 70 tó sọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú ní adájọ́ á wo ohun tí kálukú ní, bó ṣe lè pawó sí, ìwà wọn, àti gbogbo nǹkan tó yí ọ̀rọ̀ náà ká, kò síbi tí òfin náà ti dárúkọ ìdajì.

Ọkọ náà lè bèèrè owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ìyàwó! Àbúrò mi kan ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba, ọkọ ẹ̀ rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, òun ló ń bá a de bọ́tìnnì láràárọ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí irú àwọn yẹn bá tú ká ńkọ́, àpò ta ni adájọ́ á kọ́kọ́ wò?

Yìgì yàtọ̀ ní tiẹ̀. Tọ́kọ bá kọ ìyàwó ẹ̀ tí wọ́n ṣì lè padà síra, owó oúnjẹ ò kọjá àsìkò ìdà, ìyẹn àsìkò tí obìnrin á fi dúró kó tó lè fẹ́ ẹlòmíì, aláboyún á gbà á títí á fi bímọ. Owó ọmọ ò sí nínú èyí o, ìyẹn ò bá ìgbéyàwó tán.