Góńgó gíga kò fi dandan mú iṣẹ́ dára

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni ó gbà pé bí a bá ṣe gbé góńgó òṣìṣẹ́ sókè tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe dára tó, àti pé ẹni tí tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò bá pé, ọ̀lẹ ni. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ báńkì rí ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn kò ní ṣàìmọ ìgbàgbọ́ yìí. Èmi kò fara mọ́ ọn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní báńkì Wells Fargo ní Amẹ́ríkà sì ni ẹ̀rí tí mo gbójú lé jù.

Ọjà 8 ni John Stumpf, ọ̀gá àgbà báńkì náà nígbà náà, fẹ́ kí wọ́n tà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan: àkáǹtì, káàdì ìyáwó, owó yíyá fún ilé àti irú wọn. Nínú ìròyìn ọdọọdún ti 2010, ó ṣàlàyé pé ìdí tí ó fi jẹ́ 8 ni pé bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ńbà náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yin ohun tí ó dára púpọ̀ dún pọ̀. Ìró ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi yan góńgó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́. Ohun tí oníbàárà nílò kò sí nínú àlàyé yẹn rárá. Ọdún ń gorí ọdún, nǹkan bí 6 ni iye ọjà náà ń jẹ́.

Síbẹ̀, góńgó kò sọ̀kalẹ̀. Orí iye tí wọ́n tà ní èṣí ni wọ́n ń gbé ti ọdún tuntun kà, wọn a sì bù sí i, débi pé àkáǹtì tí òṣìṣẹ́ kan ṣí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni orúkọ á di ara ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ rékọjá ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Irọ́ èṣí wá di ìpìlẹ̀ ìrètí ọdún yìí, ẹni tí ó sì ń ṣe òótọ́ ni ó ń dà bí aláìmọṣẹ́. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka tí ń ta ọjà wọ̀nyí ní báńkì náà mọ̀ pé ìdajì àwọn agbègbè péré ni ó ṣeé ṣe kí ó bá góńgó náà. Ètò 50/50 ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn.

Àwọn kan yóò ní ṣebí àṣìṣe ni ilé-iṣẹ́ fi ń kọ́gbọ́n. Èsì tí wọ́n lè fi kọ́gbọ́n kò ṣọ̀wọ́n fún àwọn ọ̀gá Wells Fargo. Bí góńgó ṣe ń ga sí i ni ìpín àwọn àkáǹtì tuntun tí ẹnikẹ́ni fi owó sí ń dín kù, àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹjọ́ sùn, ìwé ìròyìn Los Angeles Times sì tú àṣírí náà síta ní December 2013. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀gá ń bi èsì wọ̀nyí: ta ni ó ṣe é? Wọ́n lé nǹkan bí 5,300 òṣìṣẹ́ lọ láàárín ọdún 5; lójú Stumpf, bí ìdá 1 péré nínú 100 bá ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó fi hàn pé àwọn yòókù ń ṣe dáadáa. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ bi góńgó fúnra rẹ̀ léèrè.

Mo gbà pé góńgó lè ran iṣẹ́ lọ́wọ́ níbi tí iṣẹ́ náà bá wà ní ìkáwọ́ òṣìṣẹ́, tí ohun tí a ń kà kò sì ṣeé yí. Àkáǹtì ṣíṣí kò rí bẹ́ẹ̀: oníbàárà lè kọ̀, ìwé sì ṣeé kọ láìsí i níbẹ̀.

Ní September 2016, àwọn aláṣẹ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là lé báńkì náà. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n fagi lé góńgó ọjà títà ní àwọn ẹ̀ka, nígbà tí iye àkáǹtì tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣí láìgba àṣẹ, gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò 2017 ṣe fi hàn, ti tó mílíọ̀nù 3.5.