Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Ẹ́ Fò

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra. Ìgbà tí ẹnì kan bá ń jowú ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ la sábà máa ń pa òwe náà. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ síbi tó ti ká èmi fúnra mi mọ́, ìyẹn ìdí ọpẹ́.

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí kò tíì pẹ́ nínú ìgbàgbọ́ dìde, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti ṣe irú nǹkan náà gan-an fóun. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́." Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà. Ẹnu mi là, ṣùgbọ́n tèmi kò kọjá ọ̀fun. Ìṣirò ni mò ń ṣe nínú: ọdún mélòó ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀, oṣù mélòó lòun? Àfi bí ẹni pé omi inú ìkòkò ni àánú Ọlọ́run, tí ẹni tó kọ́kọ́ bù ú ti dín tèmi kù.

Àṣé mo ti ń ka Sáàmù 57 bọ̀ láti ọjọ́ yìí, n kò gbọ́ ohun tó ń wí. Àkọlé rẹ̀ sọ pé inú ihò ni Dáfídì wà, ó ń sá fún Sọ́ọ̀lù. Ó ní àárín àwọn kìnnìún lòun dùbúlẹ̀ sí, pé wọ́n dẹ àwọ̀n sílẹ̀ de ẹsẹ̀ òun, wọ́n sì gbẹ́ kòtò síwájú òun. Inú òkùnkùn yẹn ló ti ń pe hàpù rẹ̀ pé kó jí, pé òun fẹ́ jí òwúrọ̀ sílẹ̀. Kí ló fẹ́ kọ lórin? Pé òun yóò yin Olúwa láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, nítorí àánú rẹ̀ tóbi dé ọ̀run, òtítọ́ rẹ̀ sì dé àwọsánmà. Ẹni tí ihò há mọ́ ló ń sọ̀rọ̀ ojú ọ̀run! Òtítọ́ tó sì ń wí yẹn ju pé kéèyàn má purọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í yẹhùn ni, ẹni tó ṣèlérí tó sì dúró tì í. Bí àánú bá ga tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fò tí ìyẹ́ rẹ̀ yóò gbá tèmi?

Sáàmù 117 ló kúrú jù nínú gbogbo Sáàmù, ẹsẹ 2 péré, síbẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ó ké sí gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n yin Olúwa. Nítorí kí ni? Nítorí àánú rẹ̀ pọ̀ sí "wa". Wa, ìyẹn Ísírẹ́lì. Òwe tí a mọ̀ ni pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Ẹni tó gboore ló ń dúpẹ́, ẹni tó ṣoore ló ń gbọ́. Kí wá ni ti ará ìta tí wọn ò fún ní nǹkan kan? Ìdáhùn wà lẹ́nu wa, nínú ọ̀rọ̀ kékeré nì, "bá". Ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹni tó bá mi dúpẹ́ ti bá mi wọnú oore náà. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a sì túmọ̀ sí "pọ̀" níbẹ̀ náà ni Jẹ́nẹ́sísì 7 lò fún ìkún-omi ayé Nóà, nígbà tí omi gbilẹ̀ títí ó fi bo àwọn òkè gíga. Àánú tó bá gbilẹ̀ báyẹn, ilẹ̀kùn ilé ta ni yóò dá a dúró?

Jónà mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló sì ń bí i nínú. Nínú ẹja, ó dúpẹ́, ó ní ti Olúwa ni ìgbàlà. Nígbà tí ìgbàlà kan náà dé Nínéfè, ìlú àjèjì, inú bí i débi tó fi ní ikú sàn fóun. Ẹ ka orí 4. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Ọlọ́run aláàánú ni, tó ń lọ́ra láti bínú, tí ìṣeun rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀sùn ni Jónà fi í ṣe. Ìlú tí àwọn tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nínú rẹ̀ lé ní 120,000 kò ká a lára, ìtàkùn kan tó ṣíji bò ó tó sì rọ ni wòlíì ń káàánú. Ẹ̀rù ibẹ̀ máa ń bà mí, torí mo gbọ́ ohùn ara mi níbẹ̀.

Pọ́ọ̀lù náà fa Sáàmù 117 yọ nínú Róòmù 15, nígbà tí àríyànjiyàn lórí oúnjẹ tó yẹ ní jíjẹ àti ọjọ́ tó yẹ ní pípa mọ́ fẹ́ tú ìjọ ká. Ó ní kí wọ́n gba ara wọn mọ́ra.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, bí ẹnì kan bá ní ẹ bá òun dúpẹ́, ẹ tètè la ẹnu kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi ẹ̀rí tiyín mọ sáàárín ara yín, torí ẹnì kan wà níta tó ń gbọ́.

Ráhábù ará Jẹ́ríkò kò sí lára àwọn tó gba inú Òkun Pupa kọjá. Gbígbọ́ ló gbọ́. Ó fi amí Ísírẹ́lì méjì pamọ́ sábẹ́ pòròpórò ọ̀gbọ̀ lórí òrùlé, ó sì sọ fún wọn pé àwọn ará ìlú òun ti gbọ́ bí Olúwa ṣe mú omi gbẹ níwájú Ísírẹ́lì, pé Olúwa yìí ni Ọlọ́run lókè ọ̀run àti lórí ilẹ̀. Oore ẹlòmíràn ni, ó dì í mú. Ó ní bí òun ti ṣe wọ́n lóore, kí àwọn náà ṣe ilé bàbá òun lóore, kí wọ́n sì fún òun ní àmì tòótọ́. Wọ́n dáhùn pé àwọn yóò fi àánú àti òtítọ́ bá a lò. Ọ̀rọ̀ méjì inú ihò Dáfídì nìyẹn, nínú ilé àjèjì, kí odi tó wó. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó so okùn òdòdó mọ́ ojú fèrèsé. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti kó òun, bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti àwọn arákùnrin rẹ̀ jáde láàyè.