Nọ́ńbà ọ̀dà nìkan kò tó fún ọkọ̀ tó ti pẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Ẹ̀gbọ́n mi kan gbé Toyota wọn lọ bá péńtà nítorí pé nǹkan ha ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Sílífà ni ọkọ̀ náà, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin. Nígbà tí wọ́n máa gbà á padà, ilẹ̀kùn náà ti yàtọ̀ pátápátá. Ẹ dúró ní ọ̀kánkán rẹ̀, ó funfun ju ti iwájú lọ. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ó tún ṣú. Wọ́n béèrè, péńtà dá wọn lóhùn pé: “Dádì, nọ́ńbà ọ̀dà tó wà lára ọkọ̀ yín gan-an la fi po ọ̀dà yìí. Bí oòrùn bá pa á díẹ̀, á bá ìyókù mu.”

Irọ́ ni, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ àtijọ́ mọ̀ pé irọ́ ni. Lóòótọ́, àwọ̀ ọ̀dà máa ń yí díẹ̀ bó bá ń gbẹ. Àmọ́ bó bá ti gbẹ tán, tí wọ́n ti fi kílíà, ìyẹn ọ̀dà dídán tí kò ní àwọ̀, bò ó, ohun tí ẹ rí yẹn náà lẹ ó máa rí. Oòrùn tí ẹ ní kó pa tuntun, ṣé ó máa fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ni?

Mi ò sọ pé nọ́ńbà ọ̀dà, ìyẹn èyí tí ilé iṣẹ́ fi ń dárúkọ àwọ̀ ọkọ̀, kò wúlò o. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó rẹ̀, ẹ ó rí C/TR lára àlẹ̀mọ́ kékeré kan, nọ́ńbà ọ̀dà ló tẹ̀ lé e; bó bá jẹ́ 1C0, sílífà ni. Ti ọ̀pọ̀ Volkswagen wà nínú búùtù, nítòsí ibi tí táyà ìpààrọ̀ ń gbé. Ẹni tí kò mú nọ́ńbà lọ́wọ́, tó kàn ní kí wọ́n fún òun ní sílífà, ó ti ṣìnà kó tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́dà. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ fẹ́ kí ọkọ̀ ní lọ́jọ́ tí wọ́n kùn ún ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kò mọ oòrùn tó ti pa á láti ìgbà náà, kò sì mọ̀ bóyá ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti tún un kùn. Lọ́jọ́ náà pàápàá, gbogbo ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà kan náà kò rí bákan náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń po ọ̀dà fi máa ń ní ju àpòpọ̀ kan lọ fún nọ́ńbà ẹyọ kan.

Sílífà ló tún wá burú jù. Èérún alumíníọ̀mù tó rí pẹlẹbẹ ló wà nínú rẹ̀. Bí péńtà bá fọ́n ọn tó tutù jù, èérún á rì, ojú rẹ̀ á ṣú. Bí ó bá fọ́n ọn ní gbígbẹ, èérún á tẹ́ sókè, á funfun. Agbára afẹ́fẹ́, bí ó ṣe jìnnà sí ara ọkọ̀, tínà tó bù sí i, gbogbo ẹ̀ ló ń yí àwọ̀ padà. Agolo kan náà, ọwọ́ ẹni méjì, àwọ̀ méjì.

Ìwọ péńtà, kí ló wá ṣòro níbẹ̀? Kọ́kọ́ fi pólíìṣì bọ́ ojú tó ti kú lára ọ̀dà àtijọ́, kí o lè rí àwọ̀ tí ò ń bá du. Tú ìdérí ẹnu táǹkì epo, mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń po ọ̀dà. Kun páálí kan, fi kílíà sí i, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá gbé e sára ọkọ̀ nínú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Wò ó ní ọ̀kánkán, wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá mu, tún un pò. Ẹni tí kò ní sùúrù páálí, kí ló ń wá nídìí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ní “ṣebí ọkọ̀ àtijọ́ ni”, mo ti gbọ́ yín. Ẹ bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́.

Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ ohun tó kù ní ṣíṣe. Ọ̀nà tí àwọn ọ̀jẹ̀ péńtà ń gbà ni pé wọn kì í dúró sórí ilẹ̀kùn tó bàjẹ́. Wọ́n á tún un kùn, wọ́n á wá fa àwọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ wọ ara ilẹ̀kùn iwájú àti fẹ́ńdà ẹ̀yìn, kílíà á sì bo gbogbo rẹ̀, kí ojú má baà rí ibi tí ọ̀kan ti parí. Èmi náà ti máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìyẹn ni pé kí wọ́n fi sáńpépà ha ilẹ̀kùn iwájú tí nǹkan kan ò ṣe, tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ digbí. Bí wọ́n bá sì tún gbé e fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́, ibi kan tó yàtọ̀ á di mẹ́ta. Mo fẹ́ ní kí wọ́n ṣe é. Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.