Ta Ni Yóò Máàkì Ẹni Tó Ń Máàkì?

Ọ̀rọ̀ "themselves" tí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń fi sí ipò "each other" yìí ti sú mi o! Ẹ̀yin òbí tó wà ní Ìkòròdú, láti Agric dé Sàbó títí wọ Ìgbógbó, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí ìparí táàmù kan tí kì í yọjú nínú bébà ìdánwò àwọn ọmọ.

Ti ọ̀tẹ̀ yìí ló wá burú jù. Ọmọ Pírámárì 5 ni, ilé ìwé aládàáni. Ìbéèrè náà ní: "Tolu and Bisi hugged ______." Wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú "theirselves", "themselves", "each other" àti "themself". Ọmọ mú "each other". Olùkọ́ fi bíìrò pupa fa X gàgàrà lé e lórí, ó kọ "themselves" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún fa igi méjì sí i nídìí. Bàbá ọmọ gbé bébà lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní bó ṣe wà nínú ìwé ìdáhùn tí wọ́n fún olùkọ́ nìyẹn, àwọn ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ ò lè ṣe nǹkan kan sí i bíi ti báwo?

Bí wọ́n bá ní "Tolu and Bisi hugged themselves", Tolu dì mọ́ Tolu, Bisi dì mọ́ Bisi, kálukú dúró lọ́tọ̀, ó kó apá mọ́ àyà. Ẹni tó ṣe nǹkan náà gan-an ni nǹkan náà bá. Bí Tolu bá dì mọ́ Bisi, tí Bisi náà dì mọ́ Tolu, "each other" ni, kò ní àríyànjiyàn nínú. Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wá ò sì fara sin: "ara wọn" ni Yorùbá ń lò fún méjèèjì. "Wọ́n ṣe ara wọn léṣe" lè jẹ́ pé kálukú ló ṣe ara ẹ̀ léṣe, ó sì lè jẹ́ pé ìjà ni wọ́n jà. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ kọ sójú bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn! Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa kọ ọ́, nígbà tí ilé ìwé kan náà ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá? Ẹ pè é ní vernacular, ẹ lé e jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ojú fèrèsé wọnú bébà ìdánwò yín, ẹ ò sì dá a mọ̀.

Àròkọ ọmọ náà ńkọ́? Ó kọ "I washed and dressed". Olùkọ́ ki "myself" bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wash, dress, shave ò nílò ẹ̀, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí á mọ̀ pé ọmọ kékeré ti ń dá a ṣe fúnra ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ọmọ ti kọ "We enjoyed very well at the party", wọ́n sì fún un ní good! Enjoy kì í dá dúró bẹ́ẹ̀: "we enjoyed ourselves" tàbí "we enjoyed the party". Bẹ́ẹ̀ náà ni "absent himself from school", "avail yourself of", "pride herself on". Ẹ yọ ọ́ kúrò, gbólóhùn náà ti bàjẹ́. Àmọ́ "concentrate yourself", "relax yourself" tí àwọn olùkọ́ ń sọ fún àwọn ọmọ lójoojúmọ́, kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún ń pariwo "Behave yourself!" lé odindi kíláàsì lórí. Yourselves!

Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé náà ní kí òbí wá rí "the Head Teacher or myself". "I" dà nínú gbólóhùn yẹn tí "myself" fi wọ ibẹ̀? "Me" ni. Lẹ́tà ọ̀hún sì wá fún owó workbook o, workbook tí ọmọ ń kọ ìdáhùn sínú ẹ̀, tí àbúrò ẹ̀ ò ní lè lò lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọmọ yìí máa jókòó síwájú WAEC. Ó máa jókòó síwájú JAMB, níbi tí Use of English ti jẹ́ dandan fún gbogbo ẹni tó bá ṣe é. Ta ló fẹ́ bá a ṣàlàyé níbẹ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn?

Ẹ dá máàkì ọmọ náà padà. Gbogbo ọmọ tó mú "each other" ní kíláàsì yẹn, ẹ dá tiwọn náà padà, kí ẹ ya ìwé ìdáhùn yẹn dànù. Kí ẹnì kan ṣáà ṣe nǹkan sí i!